Pẹ́rẹ́gún Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, nínú yàrá kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta gíláàsì nítòsí ìkòríta Abraham Adésànyà, Nùsírátù Odùkọ̀yà fọwọ́ lẹ́rán níwájú kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀, ó ń wo ohun kan náà tó ti ń wò láti àná. Ó tẹ sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe gẹ́ẹ̀mù. Àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ yọ. Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, ó dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Kò wí nǹkan kan, kò tọrọ àforíjì, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ó kàn kú ni. Ìgbà kẹtàdínlógún rèé.

“Àǹtí, ó tún ti kú?” Samson Akínọ̀ṣọ́ ló bi í bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Òun àti Nùsírátù ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà.

“Ó ti kú.”

Bí ó ti ń dáhùn, kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń wò mọ́. Òjìji Samson ló ń wò lójú gíláàsì, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Samson kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìyẹn gan-an ló tún mú ara fu Nùsírátù.

Ẹ má tíì bú u o. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí obìnrin yìí ti wá ni yóò sọ pé ìfura rẹ̀ ti pàpọ̀jù. Ọmọ Eleko ni, ọmọ apẹja. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ọkùnrin kan tó dé fìlà oòrùn gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sí etíkun wọn, tó ní òun kàn fẹ́ ya àwòrán ilẹ̀ ni. Bàbá Nùsírátù fún un ní àga. Ìyá rẹ̀ dín ẹja fún un. Ọkùnrin náà jẹ ẹja, ó lá ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì ya ilẹ̀ wọn láti ìdí àgbọn àkọ́kọ́ títí dé ìdí àgbọn tó kẹ́yìn. Nígbà yẹn, títì márosẹ̀ ti ń sọ yanrìn lásán di wúrà. Kò pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n jí lówùúrọ̀ tí wọ́n bá ògiri búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń sá àwọ̀n. Wọ́n lọ bá àwọn tó mọ ògiri náà, àwọn yẹn sì fi ìwé hàn wọ́n. Àwòrán tí onífìlà oòrùn yà ló wà nínú ìwé náà, ó mọ́ rekete, kò sí àgbọn kan tí kò kà.

Ilẹ̀ kékeré kan ló ṣẹ́ kù fún wọn. Bàbá rẹ̀ gbin pẹ́rẹ́gún yí i ká láti fi ṣe ààlà, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ilé pé ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ní gbogbo òwúrọ̀, kí ó tó ti ọkọ̀ sójú omi, á rìn yí ààlà náà ká, á máa ka pẹ́rẹ́gún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Nùsírátù á sì máa tẹ̀ lé e. Mẹ́tàlélógójì ni. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ kúrò níbi tó wà lánàá, wọn kì í jẹun àárọ̀ títí wọ́n á fi mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án. Lọ́pọ̀ ìgbà, ewúrẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá náà kì í gbà pé ewúrẹ́ dá a ṣe.

Nùsírátù ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì báyìí, ó sì ṣì ń ka pẹ́rẹ́gún. Ọdún mẹ́jọ ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní ilé ẹ̀kọ́ kan l'Ájah. Lẹ́yìn náà ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe gẹ́ẹ̀mù kan tí ọmọdé yóò máa fi tu ọkọ̀ jáde ní etíkun Eleko, tí yóò máa ka ìgbì bí bàbá òun ṣe ń kà á, torí ẹni tí kò bá mọ ìgbì kà, ọkọ̀ rẹ̀ á dojú dé. Ìgbì Méje ló pe gẹ́ẹ̀mù náà. Ó ti di ọdún kẹrin tó ti wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ya òkun náà àti ọkọ̀ àti àgbọn. Ọwọ́ Samson ló kọ àwọn ìtọ́sọ́nà tó mú kí òkun náà máa ru, kí ọkọ̀ sì máa fì. Sára igun gbogbo àwòrán tí Nùsírátù bá yà, á kọ ọ́ wínníwínní pé IṢẸ́ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Samson máa ń fi ṣe ẹ̀rín tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí kan náà, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Phase 1 fẹ́ wo gẹ́ẹ̀mù mẹ́sàn-án, kí wọ́n mú ẹyọ kan ṣoṣo tí wọn yóò gbé dé àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣí, kó máa lọ ilé rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, sọ́fítíwíà yìí nìkan ló sì lè dì í jáde bí ẹni di ẹrù. Bí kò bá ṣí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọdún mẹ́rin ti wọmi nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ bí ìfura ṣe wọlé. Samson jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ní Lángbàsá, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú fóònù jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí wọ́n bá ti pè é, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nùsírátù bi í pé ta ni. Ó ní, “Àwọn kan ni, Àǹtí. Kì í ṣe nǹkan kan.”

Kì í ṣe nǹkan kan! Onífìlà oòrùn náà sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí Samson kò wá, Nùsírátù fi ẹ̀ṣọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwíà kékeré kan ni, á máa fara pamọ́, á sì máa ya àwòrán gbogbo ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà, á kó wọn pamọ́ fún ẹni tó rán an níṣẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ńlá yìí ni Samson ti máa ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí Nùsírátù bá ti yàwòrán tán láàárọ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ jí, ibẹ̀ ni yóò ti jí i. Nígbà tí ó fi ẹ̀ṣọ́ náà síbẹ̀ tán, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ka pẹ́rẹ́gún tó sì pé.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo nǹkan lọ déédéé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ, bátìrì tán, kọ̀ǹpútà kú. Nígbà tí wọ́n tún un tàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, sọ́fítíwíà kò ṣí mọ́.

Samson kì í fi ìbínú tún nǹkan ṣe. Ó ya bébà kan, ó kọ gbogbo ohun tó lè fà á sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. “Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, Àǹtí,” ló wí. “Tí a bá yí nǹkan méjì padà pọ̀, a ò ní mọ èyí tó ṣe é.” Ó gbìyànjú láti ṣí iṣẹ́ òfìfo, tí kò ní òkun, tí kò ní ọkọ̀. Ó kú. Ìyẹn ni pé ẹ̀bi kì í ṣe ti iṣẹ́ wọn. Samson fa ìlà lé e. Ó pa àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ tí sọ́fítíwíà náà ń kó jọ rẹ́. Ó kú. Ó yọ sọ́fítíwíà náà kúrò pátápátá, ó tún un gbé wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì jẹ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tán. Ó kú. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tí mo ń sọ yìí, ó tún ohun tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà ṣe. Ìgbà yẹn ló kú nígbà kẹtàdínlógún.

Samson fa ìlà lé e, ó wo ohun tó kàn lórí bébà, ó sì yí ojú padà.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́nú lórí ẹ̀rọ yìí? Nǹkan tí ẹ fi sí i, tó ń lọ láìjẹ́ pé a ṣí i?”

Ara Nùsírátù gbóná. Ó ní, “Kò sí.”

“Nǹkan kékeré náà ńkọ́?”

“Samson, mo ní kò sí!”

Ọmọkùnrin náà ní kí Àǹtí má bínú. Ó fa ìlà lé ìyẹn náà, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: Àǹtí ní kò sí.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n Nùsírátù kò mọ̀ pé òun parọ́. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ara ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá pẹ́rẹ́gún lẹ́bi pé àgbàdo kò hù. Dípò kó ro ohun tí wọ́n bi í, ẹni tó bi í ló ń rò. Kí ló fẹ́ mọ̀? Àbí ó ti rí i? Àbí ó ń wá ọ̀nà láti mú un kúrò ni?

Lọ́sàn-án, Nùsírátù lọ kí ìrun Àílà ní mọ́ṣáláṣí tó wà lódìkejì. Nígbà tó padà dé, bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tutù lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn lọ́fínńdà sì ń ta lára wọn. Samson ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò.

“Kí ni èyí?”

“Mo kàn nù ún ni, Àǹtí.”

Nùsírátù ti dá ẹjọ́ náà nínú ara rẹ̀. Ta ni í fi lọ́fínńdà nu kọ̀ǹpútà? Ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́ ni, kí gẹ́ẹ̀mù náà má baà dé Lẹ́kkí Phase 1, kí àwọn tó ń pè é níta lè kọ́kọ́ gbé òkun rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà bára mu lórí rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn mọ́ ọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ló ti gun àtẹ̀gùn. Ó yọ́ ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Samson wà nínú yàrá, ó wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán, bàtà rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà lórí. Ètè rẹ̀ ń mì. Ìgò lọ́fínńdà kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Kí lò ń ṣe sí ẹ̀rọ mi?”

Samson fò sókè. “Ẹ káàárọ̀ ma. Àǹtí, láti ibi àdúrà ìdájí ni mo ti...”

“Àdúrà! O da omi sí i lánàá, o tún padà wá lónìí kó o wá parí ẹ̀. Ta làwọn tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ níta? O rò pé n ò rí ẹ? O ti tà mí, àbí? O ti ta iṣẹ́ mi!”

Samson kò bínú, ojú rẹ̀ kàn rọ bí ewé tí oòrùn pa.

“Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá wa ṣí i ni, Àǹtí,” ló wí. “Gbogbo ohun tó wà lórí bébà yẹn la ti try. Èyí nìkan ló kù.”

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kúrò lára tirẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì. Ó mú ìgò rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé bàtà torí kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Nùsírátù gbọ́ ẹsẹ̀ lásán rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe ìró ọkọ̀ lórí títì.

Kí ló kù? Ẹ̀rí ló kù. Ó jókòó, ó ṣí ibi tí ẹ̀ṣọ́ ń kó àwòrán pamọ́ sí. Láti ọjọ́ Ajé kò tíì ráyè wò ó, torí àwọn méjèèjì kò kúrò níwájú ẹ̀rọ náà. Ó ń wá olè rẹ̀.

Ó rí Samson lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, tó ń tún ìgbì kẹrin ṣe, tó ń mú kí ó lọ díẹ̀díẹ̀ sí i. Ó rí i tó ń tún un ṣe fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà ó rí lẹ́tà kan tí Samson ṣí lójú kọ̀ǹpútà. Láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ni. Wọ́n ní àwọn ti ń pè é lórí fóònù láti ọjọ́ yìí, kò dá àwọn lóhùn dáadáa. Wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Àwòrán tó tẹ̀ lé e ni èsì tí Samson kọ. Kò gùn. Ó ní: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò lè wá. Mo ń bá Àǹtí mi ṣe iṣẹ́ kan lọ́wọ́, kò sì tíì parí.

Nùsírátù kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú tì í débi pé ó wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnìkan dúró síbẹ̀.

Ó ń fa àwọn àwòrán náà lọ ṣáá, torí kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ó dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìlà funfun, ó dé ìdajì. Àwòrán mìíràn: ìlà funfun, ó dé ìdajì. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Gbogbo ìgbà tí sọ́fítíwíà náà kú pátá, ibi tó kú sí gan-an ni ẹ̀ṣọ́ ti ya àwòrán. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè wo bébà tó wà lára ògiri, ó sì rí i níbi tí Samson kọ ọ́ sí: Àǹtí ní kò sí.

Àṣé látìgbà tí iná ti lọ tí kọ̀ǹpútà sì tún tàn ni ẹ̀ṣọ́ ti ń jí ṣáájú. Bí sọ́fítíwíà bá ti fẹ́ gba ojú kọ̀ǹpútà, ẹ̀ṣọ́ á ti di ibẹ̀ mú. Ó pa ẹ̀ṣọ́ náà. Ó tẹ sọ́fítíwíà. Ìlà funfun sáré, ó dé ìdajì, ó kọjá, ó dé òpin, etíkun Eleko sì tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àgbọn rẹ̀.

Ó pe Samson.

“Mò ń gbọ́, Àǹtí.”

“Ó ti ṣí.”

“Ó ti ṣí?” Ohùn ọmọkùnrin náà yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Ọlọ́run ṣeun o! Kí ló ṣe é? Kí lẹ ṣe?”

Ẹ wo bí ọ̀nà àbáyọ ṣe là sílẹ̀ fún un. Ó kàn ní láti sọ pé òun kò ṣe nǹkan kan, pé bí Samson ṣe gbàdúrà lọ tán ló ṣí. Samson á gbà á gbọ́. Á fi ayọ̀ sáré padà wá, á jẹ́rìí rẹ̀ ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Irọ́ náà dé ẹnu Nùsírátù pátápátá.

“Samson, mo fi nǹkan kan sínú ẹ̀rọ yìí láti máa ṣọ́ ẹ,” ló wí. “Òun ló ń pa á.”

Ìró ọkọ̀ ń dún níbi tí Samson wà.

“Láti ìgbà wo, ma?”

“Láti Sátidé.”

“Ìgbà tí mo wá bi yín lánàá...”

“Mo parọ́ fún ẹ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo ti rí lẹ́tà tó o kọ. Mo rí gbogbo ẹ̀.”

Samson ní, “Ẹ má pa á o. Ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Mò ń bọ̀ wá dì í.”

Ó wá lóòótọ́. Ó bọ́ sùtánà, ó wọ ṣòkòtò, ó jókòó, ó di gẹ́ẹ̀mù náà jáde, kò sì sọ ju ohun tí iṣẹ́ béèrè lọ. Nùsírátù yọ ẹ̀ṣọ́ náà kúrò níṣojú Samson, ó pa gbogbo àwòrán rẹ̀ rẹ́. Ó tún tọrọ àforíjì. Samson ní ó ti tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n jọ lọ sí Lẹ́kkí Phase 1. Ìgbì Méje ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò kú. Obìnrin àgbàlagbà kan nínú àwọn tó ń wò ó dojú ọkọ̀ dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì kọ̀, kò gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n ti mú gẹ́ẹ̀mù náà.

Ó yẹ kí n dá ìtàn dúró síbẹ̀, kí gbogbo wa lè máa yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nùsírátù wọ yàrá náà lọ́jọ́ Ajé, Samson ti yí tábìlì rẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, ògiri ni ojú kọ̀ǹpútà kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kọ sí. Báyìí, ó gbé e kọjú sí Nùsírátù, tó fi jẹ́ pé bó bá ti gbé orí sókè, yóò rí gbogbo ohun tí ọmọkùnrin náà ń tẹ̀. “Báyìí á rọrùn fún yín, Àǹtí,” ló wí, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Nùsírátù fẹ́ ní kó dá a padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ló kọjú sí.

Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù Samson dún. Kò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Ìyá rẹ̀ ló ń bi í bóyá ó ti jẹun.

Nùsírátù dìde, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn.